Gbà Mí: Bí Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò Ṣe Di Òrìṣà ní Ìdó-Apá

Kí ẹni tí ó so ọ̀já mọ́ra tú u sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọ ojúbọ yìí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún sí igbá omi yìí ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ẹ jókòó, ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara yín kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá, nítorí ìjà tí ẹ gbé wá síbí, gbogbo àdúgbò ni ó ti gbọ́ ọ, kò sì sí tuntun kan nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹnu yín sinmi ná. Ẹ gbọ́ ti ẹni tí ẹ wá bá.

Ó ti pẹ́ o. Nígbà tí odi Ìdó-Apá kò tíì ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, tí igi apá tí wọ́n tẹ ìlú dó sí abẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní kékeré, tí ẹkùn sì ń wá mu omi ní ibi tí ẹ ti ń ta ata lónìí, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Àwẹ̀ró, amọ̀kòkò ọmọ amọ̀kòkò, a-fọwọ́-òsì-mọ-àmù, ẹni tí amọ̀ kì í gbẹ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Òsì ni Àwẹ̀ró ń lò. Òsì ni ó fi di ọmú ìyá rẹ̀ mú, òsì ni ó fi ń bu omi, òsì ni ó fi ń na ọwọ́ sí ènìyàn bí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí: ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọmọ tí ó bá na òsì gba ẹran, wọ́n á gbá a lọ́wọ́ kí ẹran náà tó dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Àwẹ̀ró wo ọmọ rẹ̀ nígbà tí kò tíì ká eyín, ó rí i tí ó fi òsì rọ́ amọ̀ di ìkòkò kékeré kan tí kò sán nínú iná, ó sì ní òun kò ní gbá ọwọ́ tí Ẹlẹ́dàá fi ránṣẹ́ sí òun.

Bí àwọn amọ̀kòkò yòókù bá ń fa ilà yí ìkòkò wọn ká, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ. Òsì ni Àwẹ̀ró ń gbà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá rí àmù rẹ̀ lọ́jà, láti òkèèrè ni yóò ti mọ̀ ọ́n. Omi inú rẹ̀ a máa tutù rinrin. Àwọn ènìyàn ń ra àmù náà, wọ́n ń mu omi inú rẹ̀, wọ́n sì ń ní kí Àwẹ̀ró gbé ìkòkò kalẹ̀ kí àwọn fúnra àwọn gbé e, kí ọwọ́ àwọn má baà kan tirẹ̀. Ẹ̀dá ènìyàn!

Ní ọjọ́ kan, Akínlàbí wá ra àmù. Ọmọ Ọ̀tún ìlú ni, ọmọ ìjòyè tí í jókòó ní apá ọ̀tún ọba, ọkùnrin tí ó rí bí ọkùnrin, tí aṣọ máa ń bá lára mu. Ó ní òun fẹ́ mọ bí omi àmù náà ti tutù tó. Àwẹ̀ró bu omi sínú igbá, ó sì gbàgbé ara rẹ̀, ó na òsì sí i. Àwọn obìnrin tí ó wà nítòsí da ọwọ́ bo ẹnu. Akínlàbí na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gba igbá, ó mu omi náà títí ó fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ọwọ́ tí ó mọ ohun tí omi inú rẹ̀ tutù báyìí, ta ni yóò kọ̀ ọ́?”

Háà! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà, irú ọ̀rọ̀ kan báyìí ni ó mú yín. Láti ọjọ́ tí a ti bí Àwẹ̀ró, ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò gba nǹkan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kí ó má nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ọkàn rẹ̀ yọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé Ọ̀tún wá tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ pe ọmọkùnrin náà sí iwájú ohun gbogbo tí wọ́n gbé wá, ó sì bi í léèrè.

“Akínlàbí, ṣé o gbà á?”

“Mo gbà á, ìyá.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀?”

Akínlàbí rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ìyá, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo gbà á.”

Tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú dání, a ó padà bá a níwájú.

Àwẹ̀ró wọlé ọkọ. Ẹfúnyẹlá ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà nínú ilé náà, obìnrin tí ìwà rẹ̀ le ju ojú rẹ̀ lọ. Bí Àwẹ̀ró bá ro ọkà, Ẹfúnyẹlá á ní òun ti yó. Bí Àwẹ̀ró bá bu omi, á ní òùngbẹ kò gbẹ òun mọ́. Kò bú u rí, kò lù ú rí; ó kàn ń wo ọwọ́ náà ni, bí ẹní ń wo aṣọ tí ọmọ yàgbẹ́ sí. Nígbà àkọ́kọ́, Akínlàbí á ní, “Ìyá, ẹ jẹ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan.” Nígbà tí ó yá, á dákẹ́. Nígbà tí ó tún yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní, “Àwẹ̀ró, bí àlejò bá wà nílé, jọ̀wọ́, gbìyànjú ọ̀tún.”

Akínlàbí alára ńkọ́? Ṣé ẹni tí kò ní àbùkù ni? Ìbínú rẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dùn ún, á pa ẹnu mọ́, á kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn, kò ní jẹ, kò ní dáhùn, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ keje. Lọ́dún àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lọ́dún kejì, ó jókòó ti amọ̀ rẹ̀, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bí ọkọ mi ṣe rí nìyí. Kì í ṣe èmi ni mo dá a bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni n ó tún un dá.” Láti ọjọ́ náà, bí Akínlàbí bá ti kọ ẹ̀yìn, Àwẹ̀ró á gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, á dé e, á lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá gbọ́ tí Akínlàbí wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi,” bí ẹni pé ọ̀nà àjò ni ó ti dé, kò sì ní bi í pé ibo ni ó lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Kò sì retí pé kí ó yí padà kí òun tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbé ti ara rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ilé ọkọ, kí ni wọ́n ń sọ fún un? “Ìyàwó, gba kámú.” Ẹfúnyẹlá kọ oúnjẹ: gba kámú. Wọn kò jẹ́ kí ó gbé ọmọ tuntun tí ìyàwó ilé mìíràn bí ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: gba kámú. Gba kámú, gba kámú! Ta ni ó pe Akínlàbí rí pé kí òun náà gba kámú? Obìnrin nìkan ni wọ́n ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ yìí, ó sì ń bí mi nínú títí di òní, pẹ̀lú ewú orí mi.

Nígbà tí ó di ọdún kẹfà, Ọ̀tún, bàbá Akínlàbí, re ibi àgbà ń rè, oyè sì kan Akínlàbí. Àṣà ìlú sì ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwúyè, lábẹ́ igi apá, ìyàwó ẹni tí yóò jẹ Ọ̀tún ni yóò kúnlẹ̀ bu omi kún igbá dẹ́nu, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, omi náà kò sì gbọdọ̀ ta sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá mu ún tán ni ó tó di Ọ̀tún.

Ẹfúnyẹlá pe àwọn ẹbí jọ. Ó ní, “Ọ̀tún tí ó gba omi lọ́wọ́ òsì, ọ̀tún kí ni?”

Akínlàbí wá bá Àwẹ̀ró nídìí amọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, bí ti ọjọ́ tí ó wá ra àmù.

“Àwẹ̀ró, ìwọ náà mọ̀ pé èmi kò rí nǹkan kan wí sí ọwọ́ rẹ. Ti ìlú ni.”

“Mo ti gbọ́ ti ìlú. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ̀yin wí?”

“Òṣù mẹ́ta péré ni. Kí ọ̀tún lè kọ́ṣẹ́.”

Ó mú ọ̀já kan lórí àjà, ọ̀já tí ìyá Àwẹ̀ró fún un láti fi pọn ọmọ, ọmọ tí wọn kò tíì bí. Ó fi so ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó ta á ní kókó méjì. Ó rọra so ó o, kì í ṣe pé ó fi agbára so ó. Àwẹ̀ró wo kókó náà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ní, “Mo gbà.”

Òṣù mẹ́ta. Àmù tí ó fi ọ̀tún mọ, bí iná bá ti kàn án ni yóò sán. Ó fi ọ̀tún dáná, ó jóná. Ó fi ọ̀tún pọnmi, ó dà á sí ara. Nígbà tí ó yá, ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, Ẹfúnyẹlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyàwó mi ti wá ń di ènìyàn.” Akínlàbí náà ní, “Ṣé o rí i? Mo mọ̀ pé yóò ṣeé ṣe.” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Kò kọ ẹ̀yìn sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín òṣù mẹ́ta náà. Èyí ni ó dun Àwẹ̀ró jù, nítorí ó wá rí i pé obìnrin tí ọkọ òun ń bá rẹ́rìn-ín kì í ṣe òun.

Ọjọ́ oyè pé. Ọba jókòó, àwọn ìjòyè jókòó, ìlú kún abẹ́ igi apá bámúbámú. Wọ́n gbé àmù Àwẹ̀ró kan jáde, ọ̀kan nínú èyí tí ó fi òsì mọ láyé àtijọ́, nítorí kò sí èyí tí ó fi ọ̀tún mọ tí kò sán. Akínlàbí sì ti yí ojú ilà rẹ̀ kọ igi kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àwẹ̀ró wọ aṣọ tí ó bo ọ̀já mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó bu omi kún igbá dẹ́nu, ó fi ọ̀tún gbé e sókè.

Ọ̀tún gbìyànjú o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé e dé ìpele àyà. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, igbá ń fì, omi ń gun etí igbá bọ̀, Ẹfúnyẹlá sì ti la ẹnu. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ọ̀já já. Òsì ti abẹ́ aṣọ jáde, ó gba igbá náà láfẹ́fẹ́, ó gbé e dúró ṣinṣin, ẹ̀kán omi kan kò ta sílẹ̀.



Àwẹ̀ró na igbá náà sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ gbà, ọkọ mi.”

Òsì ìlú, bàbá arúgbó tí ó ti jókòó ní apá òsì ọba láti ogójì ọdún, wúkọ́. Ó ní, “Omi kò dànù o.” Òun nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Ẹfúnyẹlá pòṣé, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ.

Akínlàbí wo igbá, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àga Ọ̀tún tí wọ́n ti fi aṣọ tẹ́ sílẹ̀ dè é. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

“Gbé e sí ọ̀tún.”

“Ọwọ́ yìí ni ẹ ti gba omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbà, ọkọ mi.”

“Mo ní gbé e sí ọ̀tún!”

“Ẹ ti sọ fún ìyá mi pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni ẹ gbà mí.”

Akínlàbí sì sọ ọ́. Ìtìjú ni ó fà á jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní, “Mo rò pé yóò yí padà ni.”

Ẹ gbọ́! Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà tí obìnrin yìí fi ń dé oúnjẹ de ọkùnrin tí ó kọ ẹ̀yìn sí i, tí ó rò pé àwọn méjèèjì jọ gba ara wọn. Akínlàbí kò gbà á rárá. Ó ń dúró dè é ni. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ lójú, ìwọ náà á mọ̀, wàá gba ọ̀nà tìrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn tì ọ́, tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ, tí ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ẹlòmíràn tí yóò gba ara rẹ jáde, kí ni a ń pe ìyẹn?

Ojú Àwẹ̀ró gbẹ. Ó ní, “Gbà.” Ẹ ẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́? Kò sọ pé “Ẹ gbà” mọ́. Ọ̀wọ̀ ti jáde nínú rẹ̀.

Akínlàbí kò na ọwọ́.

Àwẹ̀ró dojú igbá dé, ó da omi náà sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mu omi, ó di amọ̀, amọ̀ tútù, dúdú, irú èyí tí amọ̀kòkò ń wá tí kì í rí, eékún rẹ̀ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó wọlé dé ìbàdí. Kò pariwo. Nígbà tí ó dé àyà, ó ní, “Gbà mí.”

Ariwo sọ. Àwọn kan ń sáré mú okùn, àwọn kan ń wá ọ̀pá, wọ́n ń ké pé obìnrin náà ń pe ẹni tí yóò gba òun sílẹ̀. Òmùgọ̀ ènìyàn! Ẹni tí ó ń rì sómi, kí ni í ké? “Ẹ gbà mí o!” ni í ké, gbogbo ayé ni í pè. Àwẹ̀ró kò pe gbogbo ayé. “Gbà mí” ni ó wí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fa òun jáde. Ohun tí ìyá rẹ̀ bi í nígbà ìdána ni òun náà tún ń bi í.

Akínlàbí gbọ́, ṣùgbọ́n bí ìlú ṣe gbọ́ ọ ni òun náà gbọ́ ọ. Ó fò sílẹ̀, ó wólẹ̀ sẹ́bàá amọ̀ náà, omijé bo ojú rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀tún Àwẹ̀ró ti wọlẹ̀, orí rẹ̀ ń wọlẹ̀, òsì nìkan ni ó kù lókè, ó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ sì wá gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń ké. Ó ń ké pé, “Na ọ̀tún! Àwẹ̀ró mi, na ọ̀tún rẹ wá!”

Títí dé ibẹ̀. Títí dé ibẹ̀ náà!

Nígbà tí orí Akínlàbí fi walẹ̀, tí ó fi ọ̀tún tirẹ̀ di òsì náà mú, ọwọ́ náà ti le koko, ó ti pọ́n, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Ó bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀tún Akínlàbí ká kò ní ọjọ́ náà, kò sì là mọ́ títí ó fi kú. Kò jẹ Ọ̀tún. Láti ìgbà náà, Ìdó-Apá kò ní Ọ̀tún; ẹ ń rí àga òfìfo ní apá ọ̀tún ọba, ẹ rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Láàárín ọjọ́ méje, gbogbo àmù ìlú sán, ti olówó àti ti tálákà. Inú akèrègbè ni a ti ń mu omi gbígbóná. Akínlàbí pa àgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ amọ̀ náà. Ní òròòwúrọ̀ ni ó ń fi òsì rẹ̀, òsì tí kò mọ iṣẹ́ kankan, bu omi wá, yóò sì rọra dà á sí àtẹ́lẹwọ́ náà. Omi á gba àárín ìka jò lọ. Lójoojúmọ́ ni. Ẹfúnyẹlá kú, ó sin ín, ó padà síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọdún mẹ́fà pé, omi náà dúró nínú ọwọ́, kò jò. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àmù àkọ́kọ́ jáde nínú iná láìsán. Ìlú wólẹ̀, wọ́n ní òrìṣà ni, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Akínlàbí sì ni àwòrò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má bi mí bóyá ó dárí jì í. Omi dúró ni mo wí.

Ìyá Gbàmí, Àwẹ̀ró ọmọ amọ̀,
A-na-ọwọ́-má-ká-a-kò,
Òsì tí kò jẹ́ kí omi ọ̀tún dànù,
Ó wọlẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ kò wọlẹ̀.

Nítorí náà ni a ò ṣe ń so ọ̀já wọ ojúbọ yìí, tí a kì í sì í so ọwọ́ ọmọ tí ó bá ń lo òsì ní Ìdó-Apá. Ọmọ Ìyá ni. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé omi tútù àti igbín nìkan ni ó ń gbà, òsì ni a sì fi ń gbé e fún un. Ẹ ń pa á lówe lójoojúmọ́ pé bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ẹ kò ronú rí pé òsì ni ẹ fi iṣẹ́ ìfẹ́ lé lọ́wọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù kì í gbé omi wá síbí. Ọ̀nà ilé baba rẹ̀ ni kí ó gbà lọ. Ìyá kì í sì í bá ẹni tí ó bá sọ pé “Mi ò gbà” jà. Olúwarẹ̀ ń dìde láyọ̀, ó ń lọ láyọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé “Mo gbà,” tí ó sì ń dúró de ìyípadà, ilé rẹ̀ ni omi kì í ti í dúró nínú àmù. Èèwọ̀ rẹ̀ tí ó ga jù nìyẹn: ẹnikẹ́ni kì í sọ “Yóò yí padà” nínú ilé yìí.

Ó yá. Ìwọ ọkùnrin, o ní ohùn ìyàwó rẹ ń la ògiri já, pé inú ọjà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ohùn náà ni yóò fi sin ìyá rẹ, òun náà ni yóò fi pe àwọn ọmọ rẹ wálé. Ìwọ obìnrin, o ní ọkọ rẹ kì í sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nígbà tí o fẹ́ ẹ. Yóò kàn ọ́ láti gbà láìpẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ kàn.

Ìyàwó rẹ ti na igbá sí ọ, ọkùnrin. Òsì ni. Má wo ojú mi, ojú mi kọ́ ni omi wà. Bí o bá gbà á, gbà á. Bí o kò bá gbà á, sọ ọ́ síta kí obìnrin yìí gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, kí ó wá ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró dè é. Ọwọ́ ti ń ro ó.